Méjì Wo Lẹ Yọ Nínú Ọgọ́rin?

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ìtàn yìí tó jìnnà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èmi ni mo ṣe dáadáa nínú rẹ̀. Èmi kọ́. Obdulia Mejía lorúkọ mi, ará Marcala, ìlú kọfí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń fi ahọ́n jẹun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Atọ́kọfíwò ni mí.

Àwọn àgbẹ̀ á gbé kọfí sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, a ó yan án, a ó lọ̀ ọ́, a ó da omi gbígbóná lé e nínú ife. Lẹ́yìn náà a ó fi ṣíbí bù ú, a ó fà á ṣùrù sẹ́nu, a ó tu ú dànù, a ó sì kọ máàkì sílẹ̀. Kọfí tó bá gba ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, inú ẹni tó ni ín á dùn délé. Èyí tí kò bá pé ọgọ́rin, wọ́n á dà á mọ́ àwọn yòókù, kò sẹ́ni tó máa bèèrè orúkọ rẹ̀ mọ́.

Tábìlì wa ní òfin. A kì í kọ orúkọ àgbẹ̀ sára ife, nọ́ńbà la ń kọ. Ẹni tó ni kọfí kì í bá wa dúró sí tábìlì. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí oníkálukú á fi kọ tirẹ̀ tán, kí ahọ́n ẹnì kan má baà darí ahọ́n ẹlòmíì. Apá ọ̀tún ni gbogbo wa sì ń yí sí, láti ife dé ife.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan lásìkò ìkórè, Nohemí Vásquez yí sí apá òsì.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Nohemí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ṣíbí mú. Imú ọmọ yẹn, háà! Bí wọ́n bá gbé kọfí ti àpò àlùbọ́sà fún wákàtí kan péré, Nohemí á sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó yí sí òsì, ó fi èjìká gbá Don Amílcar, alága ẹgbẹ́ àwa atọ́kọfíwò, ṣíbí kọfí sì dà sí i láṣọ.

"Ọmọ yìí, ṣé o ti ṣi ọ̀nà ilé ni?" Amílcar ní, nígbà tí gbogbo wa ti kọ máàkì wa tán.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ó lè jẹ́ ọkọ ló ń wá lápá ibẹ̀." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi yìí náà ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Nohemí kò rẹ́rìn-ín. Ká ní mo lo ojú mi bí mo ṣe ń lo ahọ́n mi ni, ǹ bá ti rí i pé Don Leónidas ló dúró ti ife tó kàn lápá ọ̀tún. Kò kúrò níbẹ̀. Ó dúró kí ọmọ náà wá bá òun.

Don Leónidas Argueta ni igbákejì alága wa. Ọ̀sẹ̀ kan náà lèmi àti ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun nìkan ló ń ṣe ìdánwò fún àwọn atọ́kọfíwò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, òun ló ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí wọn. Bí kò bá fọwọ́ sí tìrẹ, o lè ní ahọ́n áńgẹ́lì, kò sí olùrà kan tó máa kà ọ́ sí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Nohemí fẹjọ́ sùn. Ó kọ ojú ìwé méjì sí ẹgbẹ́. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́rin tí Don Leónidas ti ń fòòró òun. Á ti ilẹ̀kùn yàrá tí a ti ń yan kọfí mọ́ àwọn méjèèjì, á gbá òun mú níbàdí. Ó ní Leónidas ní kí òun bá a lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ní Tegucigalpa, pé bí òun bá lọ, òun ti yege ìdánwò nìyẹn, bí òun kò bá lọ, kí òun lọ wá tòmátì tà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù sí ìdánwò rẹ̀. Ó da méjì kọ nínú ohun tí Leónidas fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Mi ò lè tún un sọ níbí, ọmọdé lè wà nítòsí.

Ẹ gbọ́, Amílcar kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló bà á. Àwọn olùrà láti òkè òkun ti wà lọ́nà. Ó yún orí, ó yún àgbọ̀n, lójijì ojú rẹ̀ wá mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

"Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ṣègbè," ó ní, "ẹ jẹ́ ká ṣe é bí a ṣe ń ṣe nǹkan wa. Ṣé ibì kan wà láyé yìí tí wọ́n ti ń ṣe òdodo tó tábìlì wa?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó fi bébà bo orúkọ Nohemí àti ti Leónidas. Ó kọ nọ́ńbà kẹrìnlá sórí ìwé náà, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún gbogbo àwa ọmọ ìgbìmọ̀, ó ní ká kà á ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí oníkálukú fún un ní máàkì nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá pé ọgọ́rin, a ó bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Bí kò bá pé, ó tán nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni o. A tọ́ ẹ̀sùn wò.

Nọ́ńbà kẹrìnlá wo? Ta ni kò mọ̀? Obìnrin kan ṣoṣo ló fẹ́ ṣèdánwò lọ́dún náà. Don Leónidas ní tòun, òun kò ní kọ máàkì, torí òun jẹ́ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n kò kúrò lórí àga. Ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń kọ̀wé.

Mo ka ìwé yẹn, ọkàn mi sì sọ fún mi pé òótọ́ ni. Mo gbójú sókè, mo rí Leónidas tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Mo rántí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí a ti jọ ń ṣọ̀rẹ́. Mo kọ méjìdínlọ́gọ́rin.

A ṣírò gbogbo rẹ̀, ó já sí mọ́kànléláàdọ́rin. Amílcar tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tí a máa ń lẹ èsì kọfí mọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa àti máàkì tó kọ. Ìṣe wa nìyẹn. Kò tiẹ̀ wá sí wa lọ́kàn pé ó burú.

Ọjọ́ kejì, Nohemí kò wá síbi iṣẹ́. Ọjọ́ kẹta, Tomasa tó ń fọ ife fún wa gbé nǹkan kan wá fún mi nínú aṣọ ìnura. Ṣíbí Nohemí ni. Atọ́kọfíwò kì í fi ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, a máa ń gbé e kiri ni.

"Ó ní ẹ bá òun tọ́jú ẹ̀," Tomasa ní. "Ó ní òun ń lọ sí Choloma, òun fẹ́ lọ máa rán aṣọ ní ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀."

"Nohemí? Rán aṣọ?"

Tomasa wò mí. Ó dà bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan kan sí i, àmọ́ ó padà sídìí omi rẹ̀. Èmi náà kò bi í. Fífọ ife ló wá ṣe, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ní ọ̀sán Àìkú, mò ń yan tortilla, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, lọ́wọ́ nílé ìdáná mi nígbà tí Zoila Benítez wọlé. Nọ́ọ̀sì ni Zoila, ẹ̀gbọ́n ìyá Nohemí. Nohemí fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú báàgì ìrìn-àjò lọ́wọ́. Mọ́tò Choloma máa gbéra láago mẹ́rin.

"Obdulia, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Zoila! Ẹ káàbọ̀. Nohemí, ọmọ mi, wọlé, jókòó."

"Ọmọ yín kẹ̀?" Zoila ní. "Ẹ tọ́ ọmọ, ẹ tún wá tọ́ ọmọ wò. Ẹ fà á ṣùrù, ẹ tu ú dànù. Ṣé kọfí lọmọ mi ni, Obdulia?"

Nohemí jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ara ìbá tù mí.

"Mo ka pátákó yẹn," ó ní. "Don Amílcar fún mi ní márùndínláàdọ́rin. Mo mọ̀ wọ́n, ojo ni wọ́n. Àwọn tó kù, kò dùn mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ méjìdínlọ́gọ́rin." Ó gbé ojú sókè. "Màmá, méjì wo lẹ yọ?"

"Nohemí..."

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé ọwọ́ tó fi gbá mi mú níbàdí ni ẹ yọ? Àbí ilẹ̀kùn tó tì? Kí ló ṣẹ́ kù nínú ohun tí mo kọ tí kò jẹ́ kó pé ọgọ́rin?"

Tortilla ń jóná lójú mi, mi ò lè yí i. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà o. Mo wà níbẹ̀ gan-an, mo sì ń kọ máàkì fún orí ọmọ bó ṣe ń wọ́. Mo bú sẹ́kún.

"Ẹ má sunkún, kò tíì tó àkókò," Zoila ní, ó gba tortilla lọ́wọ́ mi, ó yí i. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn nínú ẹgbẹ́ àwa nọ́ọ̀sì. Ẹ jókòó, kí n sọ ibi tẹ́ ẹ ti ṣìnà fún yín."

"Àwa rò pé òdodo la ń ṣe," mo ní.

"Mo mọ̀. Ó sì yà mí lẹ́nu, torí òfin tó dáa wà lórí tábìlì yín, èyí tí kò wúlò lẹ mú. Kọfí kò lè sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń tọ́ ọ wò. Èèyàn ń sọ̀rọ̀! Ta ló bi ọmọ yìí ní ìbéèrè kan ṣoṣo? Ta ló bi Leónidas? Ta ló wo fóònù?"

"Kò sí."

"Ìgbàgbọ́ yín lẹ fún ní máàkì, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ní ẹni tó ni kọfí kì í dúró sí tábìlì. Leónidas ńkọ́? Ta ló ni kọfí ọjọ́ yẹn jù ú lọ? Ẹ ní ẹ kì í jẹ́ kí ahọ́n ẹnì kan darí ti ẹlòmíì, ẹ wá jẹ́ kó jókòó máa wò yín lójú."

"Màmá Zoila, ó ti tó," Nohemí ní jẹ́jẹ́. "Mọ́tò máa gbéra."

"Kò tíì tó. Ìwọ ló máa pinnu bóyá o máa wọ mọ́tò. Àmọ́ jẹ́ kí wọ́n fún ọ ní ohun tó tọ́ sí ọ ná, kó o lè fi ọwọ́ ara rẹ yàn."

Nohemí wo báàgì rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ kan," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo máa dúró sí i."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Zoila ti wà ní ọ́fíìsì Amílcar kí ó tó dé. Kí á tó kí ara wa tán, ó ti gbọ́ ìdí tí a fi wá, ó sì gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣàánú mi! Àwọn olùrà máa dé lọ́jọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn méjèèjì sínú yàrá kan, kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kí n ra ọbẹ̀ mondongo fún gbogbo wa, kó parí síbẹ̀."

"Kí ọmọ tí wọ́n ń gbá mú níbàdí lọ bọ ẹni náà lọ́wọ́?" Zoila ní. "Kó tún wá bá a jẹ ìfun màlúù? Don Amílcar, bí wọ́n bá jí ìbaaka yín, ṣé ẹ máa se ọbẹ̀ fún olè?"

Amílcar rẹ́rìn-ín láìmọ̀, ló bá jókòó. "Kí ni kí n ṣe gan-an?"

"Lónìí, ẹ yọ bébà yẹn kúrò lára pátákó. Lónìí náà, ẹ fi lẹ́tà sọ fún Leónidas pé kò ní ṣe ìdánwò fún Nohemí, kò sì ní wà níbi tó bá wà títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Kì í ṣe ìjìyà o. A kò tíì dá a lẹ́bi. Ká má jẹ́ kí ewu pọ̀ sí i ni. Ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n fi kàn án ránṣẹ́ sí i, ẹ fún un lọ́jọ́ mẹ́wàá kó fèsì. Ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Èyí kan òun náà."

"Ta ló máa gbọ́ ọ? Ẹ̀yin, Àǹtí Zoila, ẹ mọ iṣẹ́ náà."

"Èmi kẹ̀? Ọmọ àbúrò mi ni. Èmi náà ni mo ni kọfí yẹn, mi ò lè dúró sí tábìlì. Obdulia kò lè ṣe é, ó ti kọ máàkì. Ẹ̀yin náà ti kọ. Ẹ wá ẹni mẹ́ta tí kò jẹ Leónidas ní oore, tí kò sì bá Nohemí tan."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Lọ́yà obìnrin kan wá láti La Esperanza, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti atọ́kọfíwò kan láti Copán tí kò mọ ìkankan nínú wa. Wọ́n pe gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ohun tí oníkálukú sọ, wọ́n ní ká má sọ ọ́ níta. Nohemí mú Zoila dání, Leónidas náà mú àbúrò rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì fojú kan ara wọn.

Nígbà tí wọ́n bi mí pé ta ni mo rò pé ó lè mọ nǹkan kan, mo rántí ojú tí Tomasa fi wò mí.

Tomasa kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń fọ ife wa, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan rí. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ló wá sọ ohun tó sọ fún wọn fún mi, òun ló sì ní kí n sọ ọ́ fún yín. Ó ti rí ilẹ̀kùn yẹn nígbà tó tì, ó sì ti gbọ́ ohùn Nohemí tó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Don, ẹ jẹ́ n jáde." Ó ti rí ọmọbìnrin méjì mìíràn tí Leónidas ṣe bẹ́ẹ̀ sí ṣáájú Nohemí. Àwọn náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, a sì ń sọ pé ahọ́n wọn kò dáa tó. Ọlọ́run má ṣàì dárí jì wá.

Leónidas fèsì pé àwàdà ni. Wọ́n wá ka ohun tó wà lórí fóònù fún un. Kò rí i sọ pé kì í ṣe òun ló kọ ọ́.

Wọ́n dá a lẹ́bi. Wọ́n gba ìdánwò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé, wọ́n lé e kúrò nínú ìgbìmọ̀, wọ́n dá a dúró nínú ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n kọ ìdí rẹ̀ fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì sọ ibi tí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé ẹjọ́ lọ. Lọ́yà náà sọ fún Nohemí pé ìdájọ́ ẹgbẹ́ kò dí ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ilé ẹjọ́, pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìyẹn wà.

Mo sunkún nítorí Leónidas, mi ò ní purọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo tún sunkún nítorí àwọn ọmọ méjì tó lọ tí a kò mọ ibi tí wọ́n wà.

Ọ̀sẹ̀ kan tí Nohemí sọ ti di méje kí gbogbo rẹ̀ tó parí. Ẹlòmíì ló wá ṣe ìdánwò fún un, ó sì yege. Láàárọ̀ ọjọ́ tó padà sídìí tábìlì, mo nawọ́ ṣíbí rẹ̀ sí i nínú aṣọ ìnura. Ó gbà á, ó wo ojú mi.

"Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o, Màmá."

"Kò sí méjì kankan," mo ní. "Ohun tó o kọ pé. Èmi ni mi ò pé. Ẹ̀rù àti ọ̀rẹ́ ló yọ méjì yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́, dárí jì mí."

Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó nu ṣíbí rẹ̀, ó dúró síwájú ife àkọ́kọ́, ó sì yí sí apá ọ̀tún pẹ̀lú gbogbo wa.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ wa fi ní kí n máa rò ó fún àwọn ẹgbẹ́ yòókù: ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin onímọ́tò, àtẹ̀yin télọ̀. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá ń fòòró rẹ, tó ń fi ipò rẹ̀ fọwọ́ pa ọ́ lára tàbí tó ń fi iṣẹ́ rẹ dẹ́rù bà ọ́, má fẹ̀jẹ̀ sínú kó o máa tutọ́ funfun. Àwa la mọ itọ́ títu, mo sì sọ fún ọ pé ti irú èyí kì í tán lẹ́nu. Kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Má pa ohun tó fi ránṣẹ́ rẹ́. Sọ fún ẹnì kan tó o gbọ́kàn lé. Bí ẹgbẹ́ bá ṣe é ṣákálá, ìjọba ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbọ́ irú ẹ̀.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ̀sùn máa dé kẹ́ ẹ tó wá bẹ́ ẹ ṣe máa gbọ́ ọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó kéré jù mọ ẹni tó máa lọ bá, ó kéré tán ẹni méjì, torí ọ̀kan lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ gba ẹ̀sùn, ẹ bo àṣírí, ẹ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ̀san lára ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹ má sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kó tó fèsì. Ẹ má fipá mú wọn bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ sì bi ẹni tó ń fọ ife.

Bébà tí wọ́n yọ kúrò lára pátákó, mo ti gé ìlà tèmi kúrò lára rẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ sínú àpótí tí mo ń kó ṣíbí mi sí. Bí ọmọ kan bá wá bá ọ pẹ̀lú ẹ̀sùn, tó o rí i pé òótọ́ ni, tí ọwọ́ rẹ sì fẹ́ yọ díẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́ tàbí nítorí ẹ̀rù, rántí pé ọmọ náà á ka ohun tó o kọ, á wá sílé rẹ, á jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, á sì bi ọ́ pé méjì wo lo yọ.